Ẹ béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn

Omi iyọ̀ lásán ni wọ́n ti ń gún fún mi nínú ìwádìí oògùn Sjögren, àìsàn tó ń mú kí ojú àti ẹnu gbẹ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni nọ́ọ̀sì pè mí pé wọ́n ti tú àṣírí ẹni tó gba oògùn àti ẹni tó gba omi iyọ̀, pé mi ò sí lára àwọn tó gba oògùn. Búrẹ́dì ni mò ń jẹ lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí Sjögren ń bá fínra ẹ mọ̀ pé búrẹ́dì kì í lọ láìsí omi. Ife omi wà níwájú mi, mi ò lè gbé e. Òkèlè yẹn lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu mi títí obìnrin náà fi sọ tiẹ̀ tán. Mo sunkún, omijé ò jáde, ojú kàn ń ta mí bíi pé ata bọ́ sí i.

Ohun tó dùn mí ni pé ara mi ti ń yá! Mo ti ń sùn mọ́jú láìdìde mu omi. Bébà tín-ín-rín tí wọ́n ń fi kọ́ ìpéǹpéjú fún ìṣẹ́jú 5 láti wọn omijé ò tutù tó mìlímítà 5 rí, àmọ́ ẹnu mi tù mí. Ẹ má pè mí ní òpùrọ́.

Mi ò bú wọn o. Hydroxychloroquine tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé mì, nígbà tí wọ́n fi wé oògùn ẹ̀tàn (èyí tí kò ní oògùn nínú, bíi omi iyọ̀ tèmi) ní Faransé, èsì tó jáde ní 2014 ni pé kò sàn jù ú lọ fún ẹnu gbígbẹ, ìrora àti àárẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n dán an wò bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé pé ẹ máa kópa nínú ìwádìí, ẹ béèrè: tó bá jẹ́ omi iyọ̀ ló kàn mí, ṣé ẹ máa fún mi ní ojúlówó tí gbogbo rẹ̀ bá parí? Mo béèrè. Dókítà ní ó ṣeé ṣe. Kò sí nínú ìwé, kò sì ṣẹlẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ tún bi wọ́n nípa ètè tí wọ́n máa gé bíńtín nínú rẹ̀ láti fi ṣàyẹ̀wò. Tèmi kú tipiri fún ìgbà díẹ̀. Ẹ sì lè jáde nínú ìwádìí nígbà tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ti ìwé yẹn ni kókó, ẹ jọ̀ọ́.

Mo ti padà sórí pilocarpine mi, oògùn tó ń mú kí itọ́ jáde, mò ń làágùn ṣáá, itọ́ ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ìwádìí mìíràn tún ń wá èèyàn. Mo ti gba ìwé wọn, ojú ewé tó sọ ti ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn ni mo kọ́kọ́ ṣí.