200 tó dáhùn ò sọ pé API yín ti ṣetán o: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ fún ẹ̀yin àbúrò mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi Python kọ API (ojú ọ̀nà tí app kan ń gbà bá òmíì sọ̀rọ̀), mo rí i pé FastAPI, irinṣẹ́ Python tí wọ́n fi ń kọ ọ́, lọ̀pọ̀ yín ń lò báyìí, kò burú rárá, látìgbà tó ti jáde níparí 2018 ló ti mú kí iṣẹ́ yìí yá. Ẹ kọ function kan, ẹ ṣí /docs, gbogbo ẹ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ lè tẹ̀ wò. Ìyẹn gan-an ló sì ń tan èèyàn jẹ. Ó ti dáhùn 200 (nọ́ńbà tí sáfà fi ń sọ pé ó ti yọrí), ẹ ti rò pé iṣẹ́ parí, bẹ́ẹ̀ ihò tó léwu jù nínú API kì í pariwo, 200 náà lòun náà máa ń dá padà, ẹni tí ò yẹ kó rí nǹkan ló kàn ń rí i.

Èyí tí mo máa ń rí jù nìyí. Ẹ ní endpoint (àdírẹ́sì kan lórí API) bíi /orders/15, ẹ ti ní kí ẹni tó fẹ́ wò ó kọ́kọ́ login, tókìn ẹ̀ (àmì tó ń fi hàn pé ó ti login) dáa, ẹ wá wọ dátábéèsì lọ, ẹ gbé order 15 fún un. Ta ló ni order 15? Ẹ ò bèèrè. Tó bá wá yí 15 sí 16 ńkọ́? Ti ẹlòmíì ló máa rí yẹn. OWASP, àjọ kan tó máa ń to ewu orí API lẹ́sẹẹsẹ, ihò yìí ni wọ́n fi ṣe nọ́ńbà kìíní ní 2019, nígbà tí wọ́n tún un tò ní 2023, ibẹ̀ náà ló ṣì wà. Wọ́n ṣílẹ̀kùn àgbàlá fún èèyàn, ìyẹn ò ní kó máa wọ yàrá gbogbo ará ilé. Ibi tí mo ti máa ń fẹ́ kẹ́ ẹ dí i ni inú query fúnra ẹ̀: order tí id ẹ̀ jẹ́ 15, tó sì jẹ́ pé ẹni tó login yìí ló ni ín, tí kò bá sí, 404 (kò sí nǹkan bẹ́ẹ̀ níbí), ó tán. Àwọn kan á ní UUID (id gígùn tó rí wúruwùru) làwọn ń lò, kì í ṣe 1, 2, 3. Ó dáa, ó ṣòro láti méfò, àmọ́ link máa ń jáde lọ́wọ́ èèyàn, ó lè wà nínú log, ó lè wà nínú screenshot, kò lè dúró fún àyẹ̀wò yẹn láé.

Kẹ́ ẹ sì kọ test fún un jọ̀ọ́. Test tẹ́ ẹ máa ń fi ránṣẹ́ sí mi, user kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú ẹ̀, báwo lèyẹn ṣe fẹ́ mú olè? Ẹ dá user méjì sílẹ̀, kí èkejì máa lọ wá nǹkan ẹni àkọ́kọ́, kí API sì lé e padà.

Ohun tó ń wọlé, Pydantic (library tí FastAPI fi ń yẹ dátà wò) ń bá yín wò ó, tí kò bá bá model mu, 422 ló máa jẹ. Ohun tó ń jáde ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá gbé row dátábéèsì lódindi síta, hashed_password náà á bá a jáde. Ẹ ya model tó ń wọlé sọ́tọ̀ sí èyí tó ń jáde, ẹ fi response_model (tó ń sọ ohun tó lè jáde) sí i, torí tó bá jẹ́ ọ̀kan náà lẹ lò tí is_admin sì wà nínú ẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ń forúkọ sílẹ̀ lè fira ẹ̀ joyè admin.

JWT (irú tókìn kan tó ní signature) náà, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: inú ẹ̀ ò pamọ́. Base64 lásán ni, ẹnikẹ́ni tó bá rí i lè kà á, pé kí wọ́n má lè yí i padà nìkan ni signature wà fún. Torí náà ẹ má kó nǹkan àṣírí síbẹ̀, ẹ fi exp sí i kó tètè kú, torí tí tókìn bá ti bọ́ sọ́wọ́ olè, kò rọrùn láti gbà á padà. Páásíwọ́ọ̀dù, Argon2 tàbí bcrypt (ọ̀nà hash tó mọ̀ọ́mọ̀ lọ́ra) ni kẹ́ ẹ lò, SHA-256 ti yára jù fún un, ẹni tó fẹ́ já a náà á yára bákan náà. (Bcrypt ò sì gba páásíwọ́ọ̀dù kọjá byte 72 o, ẹ rántí.)

CORS (òfin tó ń sọ ìkànnì tó lè ka èsì API yín) kì í ṣe ààbò API. Browser ló ń tẹ̀ lé e, curl tí wọ́n fi ń pe API láti terminal ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ jẹ́ ká kọjá ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ async (kí sáfà máa ṣe iṣẹ́ míì nígbà tó ń dúró de èsì) wá nìyẹn. Ẹ rí i pé gbogbo èèyàn ń kọ async def, ẹ̀yin náà kọ ọ́, inú ẹ̀ lẹ wá ti lọ fi library tó ń jẹ́ requests pe API ẹlòmíì. Requests ò mọ await kankan, tó bá fi ìṣẹ́jú-àáyá 5 dúró de èsì, gbogbo àwọn yòókù tó wà lórí worker yẹn (ẹ̀dà app yín tó ń dá wọn lóhùn) ló máa bá a dúró, wọn ì báà tó ọgọ́rùn-ún. Ẹ ò lè rí i lórí laptop torí ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ká ní def lásán lẹ kọ ni, FastAPI á gbé e lọ sínú threadpool (ibi tó ti lè dúró láìdí àwọn yòókù lọ́wọ́), ara ì bá tu gbogbo yín. Torí náà tí library tẹ́ ẹ ń lò ò bá mọ async, ẹ kọ def, kò sí ìtìjú níbẹ̀, tó bá sì jẹ́ pé async lẹ fẹ́ dandan, ẹ lo AsyncClient ti httpx.

Tẹ́ ẹ bá ń gbé e síta, ẹ yọ --reload (tó ń tún app bẹ̀rẹ̀ tí kóòdù bá ti yí) kúrò. Nínú Docker (àpótí tí app ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀), 0.0.0.0 ni kí Uvicorn, sáfà tó ń gbé FastAPI ṣiṣẹ́, máa gbọ́, tó bá jẹ́ 127.0.0.1, ara ìta ò ní lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fi worker 4 sí i, ẹ má fi dict ka iye ìgbà tí èèyàn ti gbìyànjú login, worker kọ̀ọ̀kan ló ní ti ẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ ní kó má kọjá ìgbà 5 lè gbìyànjú tó ìgbà 20, Redis (dátábéèsì kan tí gbogbo worker lè jọ lò) ni kẹ́ ẹ ti kà á.

Àti pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi SECRET_KEY (èyí tẹ́ ẹ fi ń ṣe signature tókìn) ránṣẹ́ sórí Git, tẹ́ ẹ wá pa á rẹ́ nínú commit tó tẹ̀ lé e, ó ṣì wà nínú history. Ẹ kọ́kọ́ yí key yẹn padà lórí sáfà lónìí ná, ẹ̀yìn ìyẹn lẹ lè wá máa bá Git jà.