Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lára Kákítọ́ọ̀sì Tó Ń Gun Igi, Tó Sì Ń Tanná Lóru

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ òdòdó, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n ń rán wá fún IT (iṣẹ́ ìdánrawò àwọn akẹ́kọ̀ọ́) sí nọ́sìrì òdòdó wa lẹ́bàá ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ohun tó ń pa kákítọ́ọ̀sì wọ̀nyí nílé àwọn oníbàárà wa kì í ṣe àìbìkítà. Ìtọ́jú àpọ̀jù ni. Àwọn tó fẹ́ràn òdòdó wọn jù ló ń bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́ títí ìdí rẹ̀ fi ń rà. Òru ni igi yìí ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ ohun tó ń ṣe lóru á kàn máa dà á láàmù lọ́sàn-án ni.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ya àwọn tí orúkọ wọn ń dàpọ̀ sọ́tọ̀. Oníbàárà á wọlé, á ní "Queen of the Night" lòun ń wá. Ẹ má tíì gbowó. Ẹ bi í pé èwo. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, igi eléwé kan tí òdòdó rẹ̀ kéékèèké máa ń ta sánsán lálẹ́, tí wọ́n ní ó ń lé ejò, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè bẹ́ẹ̀. Cestrum nocturnum nìyẹn. Mọ̀lẹ́bí ata àti tòmátò ni, kì í ṣe kákítọ́ọ̀sì rárá. Èso rẹ̀ ní májèlé, nítorí náà ẹ ò gbọ́dọ̀ tà á fún ilé tí ọmọ kékeré wà láìkìlọ̀ fún wọn. Nínú àwọn kákítọ́ọ̀sì tó ń gun igi, tí wọ́n tún ń pè ní orúkọ yẹn, Selenicereus grandiflorus ni èyí tí ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sanra ju ìka ọwọ́ lọ. Láti 1753 ni Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, ti kọ ọ́ sínú ìwé. Selenicereus undatus ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa, òun sì ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí. Onígun mẹ́ta ni, èso rẹ̀ sì ni dragon fruit. Nínú àwọn ìwé tó ti pẹ́, Hylocereus undatus lẹ máa bá. Igi kan náà ni, ní 2017 ni wọ́n kó o mọ́ àwọn Selenicereus.

Ẹ má sì ṣi igi oró, tó jọ kákítọ́ọ̀sì ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn, mú fún un. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á lára díẹ̀. Tí oje funfun bíi wàrà bá ń kán, oró ni, ẹ tètè gbé ojú yín sẹ́yìn, torí oje yẹn máa ń ṣe ojú léṣe gan-an. Omi tó ń yọ̀, tí kò láwọ̀, ló ń jáde lára kákítọ́ọ̀sì.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ kákítọ́ọ̀sì, aṣálẹ̀ ló sọ sí wọn lọ́kàn. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo ìran kákítọ́ọ̀sì ti wá. Rhipsalis baccifera nìkan ló tún wà nínú igbó Áfíríkà fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan gbìn ín. Kò sí ọ̀kankan tó jẹ́ ọmọ Sàhárà. Èyí tí à ń sọ yìí, inú igbó olójò ní apá Mẹ́síkò àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ló ti ń gun igi, tó ń fi gbòǹgbò rọ̀ mọ́ èèpo igi, tó ń jẹ ewé tó ti jẹrà sáàárín ẹ̀ka. Ẹ wá rí i pé òjò Ìjẹ̀bú kọ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Lórí igi, òjò á rọ̀, á sì ṣàn lọ. Ọ̀tá rẹ̀ ni omi tó dúró sí i nídìí, èyí tí àwọn tó fi ike tí kò níhò nísàlẹ̀ gbìn ín ń fọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òru ni mo fẹ́ kó yé yín dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ ti wá. Ẹ mọ àbámodá, kò sí ẹ̀yìnkùlé tí kò sí ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ẹ já ewé rẹ̀ ní kùtùkùtù kí oòrùn tó mú, ẹ fi ahọ́n kan ibi tó já, kí ẹ sì tutọ́ rẹ̀ dànù. Ó kan. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án gangan: kíkan yẹn ti lọ. Ọ̀gbẹ́ni Benjamin Heyne, onímọ̀ ewéko kan, kíyè sí èyí lára àbámodá ní Íńdíà, wọ́n sì tẹ lẹ́tà rẹ̀ jáde ní 1815. Ohun tó ń fà á nìyí. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pọ̀ igi mìíràn máa ń ṣí àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara wọn lọ́sàn-án láti gba afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń se oúnjẹ wọn, omi á sì máa tibẹ̀ sá jáde. Àbámodá, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti kákítọ́ọ̀sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òru, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, ni wọ́n ń ṣí i. Wọ́n á gba afẹ́fẹ́ wọlé, wọ́n á fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bí omi kíkan. Tí oòrùn bá yọ, wọ́n á ti ihò pa, wọ́n á wá fi ìmọ́lẹ̀ se ohun tí wọ́n kó jọ lóru. Omi tí wọ́n ń pàdánù kéré gan-an. Igi tí kì í pàdánù omi, kí ló fẹ́ fi garawa méjì lójúmọ́ ṣe?

Nítorí náà, ìka ni kí ẹ máa fi wọn ilẹ̀, ẹ má wo aago. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Tó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, èyí tó wà níta kò nílò omi yín rárá. Nígbà ọyẹ́, ẹ bomi rin ín kó mu dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ kí ẹ tó tún dé ibẹ̀. Tí ara rẹ̀ bá hun díẹ̀, kò tíì kú, omi á dá a padà. Èyí tí ìdí rẹ̀ bá rọ̀ tó sì ń rùn ni kò ní àtúnṣe. Ẹ gé apá òkè tó ṣì le, kí ẹ fi tún un gbìn.

Pípo ilẹ̀ rẹ̀ kò ṣòro. Yanrìn tí hóró rẹ̀ tóbi díẹ̀, ilẹ̀dú, èédú tí a fọ́ wẹ́wẹ́, àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà pátápátá. Ìgbẹ́ tútù á jó gbòǹgbò. Èèpo ẹ̀gẹ́ tó ti jẹrà náà dára, àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí omi tí wọ́n fún lára ẹ̀gẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí ṣàn dé ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin náà ti rí bí koríko ṣe máa ń kú níbi tí omi yẹn bá gbà.

Tí ẹ bá gé ẹ̀ka fún gbígbìn, bí 30 sẹ̀ǹtímítà tó, ẹ fi sípíríìtì nu ọ̀bẹ láàárín igi kan sí èkejì, torí àrùn ń bá ọ̀bẹ rìn. Ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ òjìji fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ojú ibi tí ẹ gé á kọ́kọ́ máa yọ̀, á wá funfun, á sì le gbagidi. Ìgbà yẹn ló tó wọlẹ̀. Ẹ fi máákà sàmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ má bàa dorí rẹ̀ kodò.

Ó ń fẹ́ ohun tó máa gùn. Ní Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí igi obì ṣì wà lẹ́yìn ilé, àwọn ìyá wa á ní ká gbìn ín sídìí rẹ̀. Ó máa gùn ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbòji obì ṣú jù, ẹ bá wọn dín ẹ̀ka rẹ̀ kù kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní rí òdòdó. Òpó kọnkéré pẹ̀lú táyà lókè ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ẹ fi ẹ̀ka kan ṣoṣo sílẹ̀, kí ẹ máa gé gbogbo ọ̀mùnú ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi dé orí òpó. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó pẹ̀ka, kí ẹ̀ka náà sì máa rọ̀ sílẹ̀, torí lára àwọn tó rọ̀ yẹn ni òdòdó ti ń pọ̀. Ẹ má so ó mọ́ ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Gbòǹgbò ara rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì ṣí ọ̀dà kúrò.

Ẹ sọ òtítọ́ fún oníbàárà kó tó sanwó: èyí tí wọ́n fi ẹ̀ka gbìn lè lò tó ọdún kan sí mẹ́ta kó tó tanná, alẹ́ kan péré sì ni òdòdó kọ̀ọ̀kan ń lò. Màmá kan ní Ìpẹru bínú sí wa torí pé àárọ̀ ló ń jáde wò ó, òdòdó tó ti rọ ló ń bá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Tí ìrudi bá ti wú, tí ewé ìta rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lára funfun inú lọ́sàn-án, kí wọ́n má tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, á fẹ̀, á gùn tó 25 sí 30 sẹ̀ǹtímítà, òórùn rẹ̀ á sì kún ọgbà. Mo fẹ́ kí gbogbo yín rí i lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sún mọ́ ọn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ máa rí àìlóǹkà fọ́nrán wẹ́wẹ́ tó ru lẹ́búlẹ́bú rúsúrúsú, àti ẹ̀yà abo kan láàárín wọn, tó gùn jù wọ́n lọ, tí orí rẹ̀ sì pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ.

Ní ilẹ̀ tó ti wá, àdán àti àwọn àfòpiná ńlá ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú yẹn kiri. Níbí, ẹ má gbọ́kàn lé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ jèso, kó mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, kó fi gbé lẹ́búlẹ́bú sórí ẹ̀yà abo lóru yẹn kan náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn igi kan ń gba ti ara wọn, àwọn mìíràn kì í gbà, pàápàá ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí inú èso wọn pupa. Gbígbin oríṣi méjì nítòsí ara wọn ló dájú jù, kí ẹ sì so bébà mọ́ òdòdó kọ̀ọ̀kan láti fi mọ igi tí ẹ ti bù fún un.

Láàárín ọjọ́ 30 sí 50, èso á kúrò ní àwọ̀ ewé, á pupa. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e, ẹ má lọ́ ọ já. Ẹ má sì gé èyí tí kò tíì pupa fún oníbàárà tó ń kánjú. Dragon fruit kì í dùn sí i mọ́ lẹ́yìn tó bá ti kúrò lórí igi.