Èkó sí Ìbàdàn: rélùwéè ni kí a náwó sí

Àwọn kan ní pápákọ̀ òfúrufú tuntun ni kí a kọ́ fún ìrìn Èkó sí Ìbàdàn; èmi ò gbà. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn gùn tó kìlómítà 157. Wọ́n ṣe é fún eré kìlómítà 150 ní wákàtí kan, síbẹ̀ ìrìn náà ń gba nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀. Ìdúró ní Agége, Abẹ́òkúta, Omi-Àdìó àtàwọn ibòmíràn wà lára ohun tó ń fà á. Bàálù yá lójú òfúrufú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ka àyẹ̀wò ẹrù àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkẹjà mọ́ ọn: àǹfààní rẹ̀ ti tán!

Moníyà, níbi tí ibùdókọ̀ ojú irin Ìbàdàn wà, ló ń dùn mí. Ó jìnnà sí Dùgbẹ̀ láàárín ìlú jù. Dípò pápákọ̀ òfúrufú tuntun, ẹ ra bọ́ọ̀sì tí yóò máa dúró de èrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ọkọ̀ ojú irin kan tí kì í dúró lọ́nà kún un láàárọ̀.