Orúkọ mẹ́rin nínú ìwé aláwọ̀ búlúù

Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ mi tí mo rà ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, ní 2006, lọ́sẹ̀ tí mo fẹ́ kọrí sí Èkó. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ búlúù. Inú rẹ̀ ni mo kọ gbogbo iṣẹ́ módẹ́lì tí mo ṣe fún ọdún mẹ́sàn-án sí: ọjọ́ tí mo ṣe é, aṣọ ta ni mo wọ̀, iye tí wọ́n ní àwọn yóò san, iye tí wọ́n san. Ibi tí mo fi sílẹ̀ fún iye tí wọ́n san yẹn, òfìfo ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, mo ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé náà, mo kọ orúkọ mẹ́rin síbẹ̀. Wọn kò jẹ mí ní gbèsè o. Èmi ni mo jẹ wọ́n.

Ọ̀pọ̀ yín ti ń béèrè ìdí tí ẹ kò fi rí ìwé ìròyìn aṣọ àti ẹwà wa ti oṣù Kejìlá. Ibẹ̀ ni ìdáhùn wà, bí mo bá sì kọ àyẹ̀wò ọdún náà láìsọ ọ́, irọ́ ni mo kọ.

Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo wà ní Ìkéré nígbà tí Agbani Darego, ọmọ Nàìjíríà, gba adé ẹwà àgbáyé, Miss World, ní 2001. Oluchi Onweagba, ọmọ Nàìjíríà bákan náà, ti gba Face of Africa, ìdíje àwọn módẹ́lì, ṣáájú, ní 1998. Agéré ni wọ́n ń pè mí nínú kíláàsì nítorí gíga mi, mo sì dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ọdún yẹn ni mo kọ́kọ́ gbà pé ohun tí wọ́n fi ń bú mi lè di iṣẹ́. Nígbà tí mo dé Èkó, iṣẹ́ wà lóòótọ́. Owó ni kò sí. A ó dúró látàárọ̀, a ó pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn kọ́tìnnì, bí ilẹ̀ bá ṣú tí a béèrè owó, wọ́n á ní, "Ṣebí ayé ti rí ọ, kí lo tún ń fẹ́?" Pọ́ńdà tó bá awọ mi mu kò sí nínú àpótí àwọn tó ń kun ojú wa. Fúnra mi ni mò ń po tèmi nílé, tí mò ń gbé e dání.

Nítorí náà, nígbà tí mo padà wálé tí a bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn yìí ní 2019, nínú yàrá kan ní Ajílósùn, mo ṣe ìlérí méjì. Ìkíní: owó módẹ́lì yóò tó o lọ́wọ́ kí ó tó bọ́ aṣọ. Ìkejì: a kò ní bó ẹnikẹ́ni ní awọ lójú ìwé.

Ìlérí kìíní ni mo dà. Ilẹ̀ òkèèrè ni bébà dídán tí a fi ń tẹ ìwé ti ń wá. Bí náírà ṣe ṣubú, bẹ́ẹ̀ ni owó rẹ̀ gun òkè. Láàárín ọjọ́ tí a dá iye pẹ̀lú àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, ní Èkó, àti ọjọ́ tí a kó owó dé, iye náà ti yí padà. Owó àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí a ya fọ́tò wọn lẹ́sẹ̀ òkúta Olósùnta ní Ìkéré wà lọ́wọ́ mi, ₦40,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Mo fi ra bébà. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Fọ́tò yẹn rẹwà, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Òkúta Olósùnta, oòrùn ìrọ̀lẹ́, awọ àwọn ọmọ yẹn ń dán bí igi ìrókò tí wọ́n fi òróró pa. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde fún wa láti yẹ̀ wò, ojú wọn dà bí èédú. Mo dúró ti ẹ̀rọ títí di òru, mo ń bẹ oníṣẹ́ kí ó dín yíǹkì dúdú kù díẹ̀díẹ̀, títí ojú fi di ojú.

Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù méjì. Ọ̀kan nínú wọn wọkọ̀ wá láti Ìjerò. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí mi." Ó jókòó. Kò béèrè owó. Èmi ni mo là ẹnu, ohun tó sì jáde ni, "Ṣé o rí bí fọ́tò rẹ ṣe dára?" Ọwọ́ mi tutù. Mo mọ ìjókòó yẹn. Mo ti jókòó bẹ́ẹ̀ rí, ní ọ́fíìsì ẹlòmíràn, wọ́n sì ti fún mi ní èsì yẹn rí.

Ní oṣù Kẹjọ, oníbàárà kan fẹ́ ra ojú ewé méjì tó wà láàárín ìwé fún ìpolówó ìpara. Fọ́tò ọmọ Ìjerò yìí ló yàn, ṣùgbọ́n ó ní ká sọ ọ́ di pupa díẹ̀. Mo kọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Kodak, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù fọ́tò, ń fi fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní Shirley, ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọ́tò kí wọ́n fi díwọ̀n àwọ̀. Bí awọ Shirley bá ti dára, iṣẹ́ parí. Àwa dúdú a di òjìji. 1892 ni wọ́n dá Vogue, ìwé ìròyìn aṣọ àti ẹwà, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Oṣù Kẹjọ 1974 ni obìnrin aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ wà níwájú rẹ̀, Beverly Johnson. Mi ò lè wà ní Èkìtì kí n tún máa fi ọwọ́ ara mi pa ọmọ wa rẹ́.

Oníbàárà náà gbé owó rẹ̀ lọ. Ìwé ìròyìn kì í gba ojú ewé kan ṣoṣo yọ: mẹ́rin mẹ́rin ni ó ń lọ, nítorí bébà kan tí a ṣẹ́ po jẹ́ ojú ewé mẹ́rin. A fi fọ́tò àwọn ìyá tó ń hun aṣọ kíjìpá lórí òfì ìdúró dí ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín yìn wá fún un.

Ṣùgbọ́n owó ìpolówó yẹn ìbá san gbèsè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fọ́tò ọmọ náà ni, owó ọmọ náà ni, n kò sì bi í léèrè. Owó rẹ̀ ni mo fi ṣe ìgboyà. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, màá kọ̀, àmọ́ màá kọ́kọ́ pè é.

Owó tí a kó jọ fún ìwé oṣù Kejìlá ni mo pín. Mẹ́ta gba tiwọn lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà ọmọ Ìjerò kò lọ mọ́, nítorí náà mo wọkọ̀ lọ bá a nílé wọn. Ìyá rẹ̀ kò gbọ́ ẹjọ́ kankan lẹ́nu mi àfi ìgbà tí mo jẹ iyán tán. Mo gbé ìwé búlúù fún ọmọ náà pẹ̀lú owó rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó gba bírò, ó kọ iye náà sí àyè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wá bi mí ìgbà wo la tún máa ya fọ́tò.

Mo ní oṣù kejì.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, kí n gba owó kí n tó wọ aṣọ o."

Mo kọ ìyẹn náà sínú ìwé.