Ìkòkò àti Ọ̀nà Ìbomirin fún Ọgbà Aláìní-iyẹ̀pẹ̀ Nínú Ilé

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí nípa ọgbà tí mo ń dá láìlo iyẹ̀pẹ̀ nínú yàrá kan ní Àsẹ́rò, Abẹ́òkúta, ni pé irú ẹ̀rọ wo ni kí àwọn rà. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n padà ni pé, bí iná bá lọ láàárọ̀ tí kò sì dé títí ilẹ̀ fi ṣú, kí ni gbòǹgbò ewé yín yóò máa mu? Ẹni tó bá lè dáhùn ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan ọ̀nà ìbomirin rẹ̀ tán.

Ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní NFT (Nutrient Film Technique), èyí tí Allen Cooper gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín àwọn ọdún 1960. Inú ọ̀pá tó dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ ni omi ajílẹ̀, ìyẹn omi tí a po oúnjẹ ewé mọ́, ti ń ṣàn, omi náà kò sì ju ìwọ̀nba tó lè rin ìsàlẹ̀ gbòǹgbò lọ, kí ìyókù gbòǹgbò lè máa rí afẹ́fẹ́. Ó dára púpọ̀ níbi tí iná kì í ti í lọ. Ṣùgbọ́n bí pọ́ǹpù bá dúró, kò sí omi tó ṣẹ́ kù nínú ọ̀pá náà, nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn tiwa yìí, kì í pẹ́ tí ewé yóò fi rọ. Ẹni tí kò bá ní bátìrì tó ṣeé gbọ́kàn lé, kó má náwó sí i.

Èyí tí ẹ̀rọ kékeré ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ike omi jíjìn sàn jù ú lọ, torí pé gbòǹgbò ṣì wà nínú omi bí iná bá lọ. Ẹ kàn rí i pé ẹ gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ náà sókè ju ojú omi lọ. Bó bá wà nísàlẹ̀, tí iná sì lọ, omi lè gba inú ọ̀pá róbà rẹ̀ padà wá sínú ẹ̀rọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún lẹ́tùúsì ni ti B. A. Kratky, onímọ̀ ọ̀gbìn kan ní Yunifásítì Hawaii, tí kò nílò iná rárá. Ẹ ó bu omi ajílẹ̀ sínú ike, ẹ ó dé e, ẹ ó sì ki ife oníhò tí ewé wà nínú rẹ̀ bọ ojú ọmọrí náà kí ìdí rẹ̀ kan omi. Bí ewé ti ń mu omi ni àlàfo ń ṣí sílẹ̀ láàárín omi àti ọmọrí, gbòǹgbò tó bá sì wà nínú àlàfo náà ni yóò máa gba afẹ́fẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe rọ omi kún un dé ẹnu mọ́: gbòǹgbò tí afẹ́fẹ́ ti mọ́ lára yóò rì. Nǹkan bíi lítà 4 tó lẹ́tùúsì kan títí ẹ ó fi já a. Tòmátò kọ́ ni èyí wà fún, ọ̀mu omi ni tòmátò.

Ní ti ike, ohun méjì ló ṣe pàtàkì: ìmọ́lẹ̀ àti ooru. Ike tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀ yóò sọ omi di àwọ̀ ewé, yóò sì máa yọ̀ bọ̀rọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ike dúdú ń dí ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá wà lẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn ń wọlé, ó ń gba ooru sára, bẹ́ẹ̀ omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ tó. Ní 20°C, lítà omi kan lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9 ọ́síjìn. Ní 30°C, kò ju bíi 7.5 lọ, irú omi bẹ́ẹ̀ sì ni àrùn Pythium tó ń jẹ gbòǹgbò rà máa ń fẹ́. Ike dúdú ni mo ń lò, tí mo wá fi bébà funfun wé lóde. Ẹ yí ìdí ike wò kí ẹ tó sanwó: 2 tàbí 5, irú ike tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ, ni nọ́ńbà tó yẹ kó wà láàárín àmì onígun mẹ́ta. Ẹ má ra kẹ́ẹ̀gì tí ẹ kò mọ ohun tó gbé rí. Kí ọmọrí rẹ̀ sì dé dáadáa, nítorí ẹ̀fọn kì í béèrè bóyá omi ajílẹ̀ ni kó tó yé sínú rẹ̀.

Ìkòkò amọ̀ ńkọ́? Bí a bá da omi ajílẹ̀ sínú rẹ̀ tààrà, ó máa ń mu ún, iyọ̀ funfun yóò sì hu sí i lára bí ìyẹ̀fun. Àmọ́ ó lè tu ike lára. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan láti Àríwá Nàìjíríà, ló gba àmì-ẹ̀yẹ ilé iṣẹ́ aago Rolex ní 2000 fún ìkòkò inú ìkòkò, tí iyanrìn tí wọ́n fi omi rin wà láàárín wọn, tí ó ń mú kí ẹ̀fọ́ pẹ́ kó tó bàjẹ́. Mo máa ń gbé ike sínú ìkòkò ńlá lọ́nà bẹ́ẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Nígbà òjò, tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, kò fi bẹ́ẹ̀ tutù.

Òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ ó fi di ewé mú nínú ife oníhò náà ní tirẹ̀. Òkúta líle tí wọ́n ń fọ́ káàkiri Abẹ́òkúta kì í ba omi jẹ́, ṣùgbọ́n irú òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, yóò sì gbé pH omi (ìwọ̀n bí omi ṣe kan sí) kọjá 5.5 sí 6.5 tí ewé ń fẹ́. Ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí òkúta náà. Bó bá hó, ẹ fi sílẹ̀ fún kọ́lékọ́lé.

Fún ẹfinrin, òwú tó ń fa omi sókè láti inú ike ìsàlẹ̀ ti tó. Ẹ lo òwú ọ̀rá, torí òwú lásán máa ń rà. Fún ata, ẹ gbé garawa omi ajílẹ̀ kọ́ sókè, kí ẹ fi róbà dírípù tuntun, irú ti ilé ìwòsàn, kán an sí ìdí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kékeré ara róbà náà ni ẹ ó fi dín omi kù tàbí fi kún un. Kí ẹ máa fi omi lásán ṣan róbà náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí iyọ̀ ajílẹ̀ máa ń dí i.