Ìtẹ́ Ẹ̀gà Tí Mò Ń Fi Ọwọ́ Hun: Òrùka Ti Dúró

Òrùka imọ̀ ọ̀pẹ tí n ó hun ìyókù ìtẹ́ ẹ̀gà náà mọ́ dúró lónìí, ó sì gbé ara rẹ̀ láìsí wáyà. Mo ti kan ẹ̀ka mọ́ pátákó, mo sì ti pọ́n ẹnu ẹ̀mú kékeré tí mò ń lò ní ipò àgógó.

Ìdè tó so òrùka mọ́ ẹ̀ka ló dá mi dúró láti ọjọ́ yìí. Imọ̀ ọ̀pẹ tí mo bá fi àlùmọ́gàjí gé kì í pẹ́ já, nítorí pé àlùmọ́gàjí kì í tẹ̀ lé iṣan ewé, ibi tó bá sì ti gé iṣan kọjá ni imọ̀ náà ti máa ń ya nígbà tí mo bá fà á le. Akọ ẹ̀gà kì í gé ewé ní tirẹ̀. Á fi àgógó bu etí rẹ̀ díẹ̀, á di ibẹ̀ mú, á sì fò kúrò, tí ewé á fi ya gbọọrọ tọ iṣan rẹ̀ lọ. Bí mo ṣe ń ya tèmi náà nìyẹn báyìí, ìdè sì ti ń mú.

Adẹ́mu tó ń kó imọ̀ wá fún mi ní kí n lo màrìwò nítorí pé ó rọ̀, ṣùgbọ́n ewé tútù tó ti dàgbà ni mo rí tí àwọn ẹ̀gà ẹ̀yìnkùlé wa ń ya, títí kan ewé eèsún. Ó tilẹ̀ ń bínú sí wọn pé wọ́n ń ya ọ̀pẹ òun sí ìhòòhò.

Híhun gan-an tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹyẹ náà á máa gbọn àgógó bó ṣe ń ti ewé wọlé, á fi í sílẹ̀, á sì gbá a mú láti òdì kejì. Nicholas àti Elsie Collias, tí wọ́n ṣe ìwádìí ẹ̀gà, rí i pé àwọn ọ̀dọ́ akọ pàápàá ní láti fi ewé dánra wò kí híhun wọn tó gún, nítorí náà n kò kánjú.

Igbá kékeré ni mo fẹ́ fi wọn inú ìtẹ́ tẹ́lẹ̀, mo ti pa ìyẹn tì. Inú òrùka ni akọ máa ń dúró sí, tí á kọjú sí ìhà kan ṣoṣo: ibi tí àgógó rẹ̀ bá dé níwájú ni yàrá ẹyin, ibi tó bá dé nígbà tó bá na ọrùn sẹ́yìn ni ìloro. Ara rẹ̀ ni ìwọ̀n, nítorí náà igi ni n ó gbẹ́ ní ìwọ̀n ẹ̀gà, kí n fi sínú òrùka. Koríko múlọ́múlọ́ àti ìyẹ́ tí abo ń tẹ́ sí inú yóò dúró di ìgbà mìíràn.

Òrùlé ló kàn, ó sì gbọ́dọ̀ parí kí òrùka tó pọ́n rúsúrúsú, nítorí pé ewé tó ti gbẹ kì í gba ìdè mọ́. Ìtẹ́ tí abo kò bá gbà títí tó fi gbẹ, akọ fúnra rẹ̀ ní í tú u, tí á sì hun òmíràn sí ipò rẹ̀. Mo ti bẹ adẹ́mu kó gé imọ̀ ní ìdájí Sátidé, kó má ṣe gbé èyí tó ti sùn mọ́jú wá.