Q kú sí mi lọ́wọ́

Àbúrò mi fìyà jẹ mí lálẹ́ àná nídìí Scrabble, eré tí a fi ń to lẹ́tà di ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Q wà lọ́wọ́ mi, mi ò rí U tó sábà máa ń tẹ̀lé e fà, mo kàn ń wò ó sùn-ùn. Lẹ́tà tí kò tiẹ̀ sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá!

Nígbà tí eré parí, Q tí mi ò rí lò yẹn jẹ máàkì 10 lára tèmi. Ọmọ náà yọjú wo lẹ́tà mi, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní I, ẹ ò kọ QI?" Agbára ìyè tí àwọn ará Ṣáínà gbà pé ó ń ṣàn nínú ara nìyẹn. Àwọn ọ̀rọ̀ míì tí kò nílò U tún wà: QAT ni ewé tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu ní Yemen. SUQ wá ni ọjà àwọn Lárúbáwá. Ọjà o! Èmi tí mo dàgbà sídìí àtẹ ìyá mi.

Ta ni Q ti kú sí lọ́wọ́ báyìí rí?